Metal Detector Àkọ́kọ́ fún Ọmọdé: Èwo Ni Ká Rà?

Bí ìsinmi ìgbà ooru bá ti ń sún mọ́lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí ọmọ Yorùbá máa ń bi mí léraléra, torí wọ́n mọ̀ pé èmi àti ọmọ mi obìnrin máa ń gbé ẹ̀rọ lọ sí etí òkun àti inú oko lópin ọ̀sẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí ò jẹ́ ká sinmi mọ́, metal detector ló fẹ́. Èwo ni ká rà?" Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí n dárúkọ ẹyọ kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, kó dé lọ́jọ́ kejì. Mo máa ń dárúkọ o, mo sì máa dárúkọ lónìí náà. Àmọ́ ìbéèrè méjì ni mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n padà: báwo ni apá ọmọ náà ṣe lágbára tó, àti ibo gan-an lẹ fẹ́ kó ti máa lò ó? Ẹni tí kò bá tíì lè dáhùn méjèèjì, kó fi owó rẹ̀ sápò ná.

Ìdí tí mo fi ń le tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀rọ kan wà lọ́jà tó jẹ́ ohun ìṣeré lásán, aláwọ̀ mèremère, tí owó wọn ò ju ti bàtà ọmọdé lọ. Ẹ gbé e sórí ṣíbí lórí tábìlì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á dún. Ẹ wá fi yẹ̀pẹ̀ bo ṣíbí yẹn díẹ̀, ariwo ti tán nìyẹn. Òmíràn á tún máa dún níbi tí kò sí nǹkan kan. Ọmọ ọdún 8 á gbẹ́ ihò mẹ́ta, á gbẹ́ ìkẹrin, kò rí nǹkan. Tó bá máa fi di ìkarùn-ún, á ti ju ẹ̀rọ sílẹ̀, á ti lọ wá tablet rẹ̀. Àwọn òbí á wá ní, "Ṣé ẹ rí i, ọmọ yìí ò ní sùúrù." Irọ́ ni o. Ẹ̀rọ ló purọ́ fún ọmọ. Ẹ̀rọ tó ń purọ́ fún ọmọ sì burú ju àìní ẹ̀rọ lọ, torí ohun tí ọmọ máa gbà gbọ́ ni pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ẹ tó lè mọ èyí tí kì í purọ́, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwo yẹn

Ẹ ti rí ọ̀kan lára ẹbí ẹ̀rọ yìí rí. Ọ̀pá dúdú tí sikiọ́ríìtì fi ń yẹ ara èèyàn wò lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, tó máa ń ké tó bá dé ibi bẹ́líìtì tàbí kọ́kọ́rọ́, ìyá kan náà ló bí wọn. Èyí tí wọ́n fi ń wá nǹkan nínú ilẹ̀ kàn ní ọ̀pá gígùn ni, àwo pẹrẹsẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àpótí kékeré tó ní bátìrì sì wà lókè.

Inú àwo yẹn ni iṣẹ́ wà. Wáyà tí wọ́n wé po lọ́pọ̀ ìgbà ló wà níbẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìdì méjì. Ìdì àkọ́kọ́ ń gba iná láti inú bátìrì, àmọ́ iná yẹn kì í ṣàn sí apá kan ṣoṣo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Garrett ACE 200, tí mo ṣì máa padà wá sórí rẹ̀, 6.5 kHz ló ń lò. Ìyẹn ni pé ní ìgbà 6,500 ni iná inú wáyà rẹ̀ ń lọ tó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Níbi tí iná bá sì ti ń ṣàn nínú wáyà, agbára òòfà, ìyẹn agbára mágínẹ́ẹ̀tì, máa ń yí wáyà náà ká. Bí iná bá ń yí padà, agbára òòfà náà á máa yí padà, á sì máa wọ inú ilẹ̀ lọ.

Ní 1831, Michael Faraday fi hàn ní Lọ́ńdọ́nù pé tí agbára òòfà tó ń yí padà bá kan ohun tí iná lè gbà kọjá, iná á dìde nínú nǹkan ọ̀hún fúnra rẹ̀. Owó ẹyọ tó sùn sínú ilẹ̀ ò ní wáyà, kò ní bátìrì. Àmọ́ tí àwo bá kọjá lórí rẹ̀, iná tín-ín-rín á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú rẹ̀, bí omi ṣe máa ń yí bírí nínú korobá tí èèyàn fi ọwọ́ rò. Iná kékeré yẹn á dá agbára òòfà tirẹ̀ sílẹ̀, èyí á sì padà wá kan àwo. Ìdì wáyà kejì ló ń tẹ́tí sí i. Tó bá ti gbọ́, ẹ̀rọ á dún. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọdé ni pé ẹ̀rọ kì í "rí" irin: ẹ̀rọ ń pè, irin ń dáhùn.

Ọ̀kan lára ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìyànjú irú nǹkan yìí, ẹ̀mí ààrẹ orílẹ̀-èdè kan ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n yìnbọn fún James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní oṣù keje ọdún 1881, ọta sì há sínú ara rẹ̀. Kò tíì sí X-ray nígbà yẹn. Alexander Graham Bell, ọkùnrin tẹlifóònù yẹn, wá fi wáyà àti etí tẹlifóònù ṣe ẹ̀rọ kan láti fi wá ọta náà. Ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí wọ́n dán an wò, àmọ́ lórí ibùsùn ààrẹ, ohùn tó ń jáde kò yé ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan lára ohun tó fà á ni pé irin wà nínú ibùsùn tó sùn lé. Dókítà rẹ̀ tún ní apá ọ̀tún nìkan ni kí wọ́n wò, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta wà. Garfield kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni ibùsùn onírin yẹn. Tí ọmọ yín bá wọ bàtà tó ní irin lẹ́nu, tàbí tó di ṣọ́bìrì mọ́ ẹsẹ̀, ẹ̀rọ máa gbọ́ ìyẹn náà. Kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ọmọ.

Jíjìn tí wọ́n kọ sára páálí

Ohun tí àwọn tó ń tajà fẹ́ràn jù ni kí wọ́n kọ bí ẹ̀rọ ṣe lè wọ ilẹ̀ jìnnà tó. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan.

Tí nǹkan bá ti jìnnà sí àwo ju bí àwo náà ṣe fẹ̀ lọ, agbára òòfà tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ kíákíá. Ẹ sọ jíjìn yẹn di ìlọ́po méjì, agbára tó máa dé ibẹ̀ á di ìdá kan nínú 8. Ohun tí owó ẹyọ náà bá sì fi dáhùn tún gbọ́dọ̀ rin ọ̀nà kan náà padà, á tún di ìdá kan nínú 8. Ẹ fi 8 lọ́nà 8, ó di 64. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá sọ jíjìn di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú 64 ohùn àtijọ́ ló kù tí ẹ̀rọ máa gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ olówó gọbọi kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlẹ̀ jìnnà ju ti olówó pọ́ọ́kú lọ bí owó rẹ̀ ṣe jù ú lọ. Ẹ lè ná ìlọ́po mẹ́rin, kó jẹ́ ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lẹ máa jèrè.

Òfin ọwọ́ tí àwọn tó ń ṣe é máa ń lò ni pé bí àwo bá ṣe fẹ̀ tó ni owó ẹyọ ṣe lè jìn tó kí ẹ̀rọ ṣì gbọ́ ọ. Àwo tó fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà á gbọ́ owó ẹyọ ní nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà nínú ilẹ̀ tó dáa. Fún ọmọdé, ìyẹn ti pọ̀ tó. Ẹ gbé ṣọ́bìrì kékeré fún ọmọ ọdún 8, kẹ́ ẹ ní kó gbẹ́ ihò tó jìn tó 20 sẹ̀ǹtímítà nínú koríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá gbẹ́ méjì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Àwo ńlá tún wúwo, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń gbọ́ ohun méjì pọ̀ nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ra. Àwo kékeré ló yẹ ọmọdé.

Ṣé ìṣó ni àbí fàdákà?

Ibí ni ẹ̀rọ gidi àti ohun ìṣeré ti ń pínyà. Ilẹ̀ kún fún ìdọ̀tí onírin: ìṣó, ìdérí ìgò, fọ́ìlì, ọta ìbọn àtijọ́. Ohun ìṣeré á kàn ní "pìì" fún gbogbo wọn. Ẹ̀rọ gidi máa ń gbìyànjú láti mọ irú irin tó dáhùn.

Bó ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé ìdáhùn kì í bọ́ sí àkókò kan náà. Nínú fàdákà àti bàbà, iná máa ń rìn fàlàlà, torí náà iná tó ń yí po nínú wọn kì í tètè kú, ìdáhùn wọn sì máa ń pẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn ìpè. Nínú irin tí iná ò fi bẹ́ẹ̀ rìn geere, tàbí irin tó tín-ín-rín bíi fọ́ìlì, kíá ló ń kú. Irin tó ń dógùn-ún, bí ìṣó, tún yàtọ̀, torí òòfà máa ń fà á mọ́ra, ìyẹn sì máa ń yí ìdáhùn rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ á wọn ìyàtọ̀ àkókò yìí, tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, á wá sọ ọ́ di ohùn: ohùn ìsàlẹ̀ fún ìṣó, ohùn òkè fún fàdákà. Àwa Yorùbá tí ohùn ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu wa, ó yẹ kí èyí tètè yé wa. Ọmọ mi ò tíì lo oṣù kan pẹ̀lú tirẹ̀ tó fi ń sọ fún mi pé "ìyẹn ìṣó ni, Dádì," láìwo ojú ẹ̀rọ rárá.

Torí náà, ẹ ra èyí tó ní ohùn tó ju ẹyọ kan lọ. Tí mo bá ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ran òbí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni.

Àmọ́ o, ọgbọ́n ẹ̀rọ níbi tó mọ. Irin pélébé tí a fi ń ṣí agolo ẹlẹ́rìndòdò, alumíníọ̀mù ni. Ìdáhùn rẹ̀ àti ti òrùka wúrà sábà máa ń bọ́ sí ibì kan náà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè fi ìdánilójú ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, iye yòówù kẹ́ ẹ rà á. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ohùn irin agolo mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu ti pa ohùn wúrà náà mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn. Ẹ sọ èyí fún ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó lè mọ̀ pé irin agolo méjìdínlógún tó gbẹ́ kì í ṣe àṣìṣe, òun ni owó ọ̀nà wúrà.

Owó ẹyọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀, ó sì dáa fún àyẹ̀wò lórí tábìlì ìdáná lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ wá mágínẹ́ẹ̀tì ara fíríìjì, kẹ́ ẹ da owó wẹ́wẹ́ sílẹ̀. 1p àti 2p tí wọ́n ṣe kó tó di 1992 kò ní lẹ̀ mọ́ ọn, torí idẹ ni. Láti 1992 ni wọ́n ti ń fi irin ṣe inú wọn, bàbà kàn bò wọ́n lójú ni, torí náà wọ́n á lẹ̀. Láti 2012 ni 5p àti 10p náà ti di irin tí wọ́n fi níkẹ̀lì bò. Ẹ gbé ẹ̀rọ sórí 2p ọdún 1980, kẹ́ ẹ tún gbé e sórí 2p ọdún 2010: ohùn wọn lè yàtọ̀ gedegbe bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn jọra. Owó tó ń dùn mọ́ ẹ̀rọ jù ni ti àtijọ́. Owó fàdákà tí wọ́n ṣe kó tó di 1920, 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni fàdákà. Láti 1920 sí 1946, ó di ìdajì. Láti 1947, kò sí fàdákà nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n ṣe kó tó di 1947 yìí ṣì pọ̀ nínú ilẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ àwọn ọdún yìí sórí. Ìtàn nìyẹn, kẹ́mísírì nìyẹn.

Apá ọmọ ló máa sọ

Ní 1942, nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì lo ẹ̀rọ tí Józef Kosacki, ọ̀gágun ọmọ Poland kan, ṣe ní Scotland láti fi wá àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní El Alamein, ní Íjíbítì. Ẹ̀rọ yẹn wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 14. Lónìí, ti àgbàlagbà tó ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ kílò kan àti díẹ̀. Ẹ ó ní kí ni kílò kan jẹ́? Fún yín, kò jẹ́ nǹkan kan. Àmọ́ ọmọ á máa jù ú sọ́tùn-ún sósì, sọ́tùn-ún sósì, láìdúró, ìwúwo rẹ̀ sì wà ní ìparí ọ̀pá, lọ́nà jíjìn sí èjìká rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó rà, ẹ fún ọmọ ní ìgò omi lítà kan, ìwọ̀n kílò kan nìyẹn, kó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtan kó máa mì í lọ mì í bọ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Kò rí bákan náà gan-an pẹ̀lú ẹ̀rọ, àmọ́ ojú rẹ̀ máa sọ òótọ́ fún yín. Tó bá ti ń ṣẹ́jú kó tó pé ìṣẹ́jú 3, ẹ wá èyí tó fúyẹ́ ju kílò kan lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dárúkọ. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 tàbí 8, ẹ wo àwọn tí ilé iṣẹ́ gidi ṣe fún ọmọdé. Bounty Hunter Junior ti wà tipẹ́, ó fúyẹ́, ọ̀pá rẹ̀ sì kúrú. Ilé iṣẹ́ Nokta ti ilẹ̀ Tọ́kì ń ṣe Mini Hoard fún àwọn kékeré àti Midi Hoard fún àwọn tó dàgbà díẹ̀. Omi ò lè ba Midi Hoard jẹ́, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún ọmọ tí kò lè rí omi kó má wọ̀ ọ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn mẹ́ta yìí. Fún ọmọ ọdún 9 tàbí 10 sókè, mi ò ní ra ti ọmọdé mọ́. Mo máa ra ti àgbàlagbà tó ń bẹ̀rẹ̀: Go-Find ti Minelab, ilé iṣẹ́ Australia, tó ń ká pọ̀ wọ inú báàgì, tàbí Garrett ACE 200 láti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pá rẹ̀ ṣeé fà gùn bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà. Tó bá tiẹ̀ sú ọmọ lẹ́yìn ọdún kan, irú ìwọ̀nyí ṣì ṣeé tà.

Ẹ má ṣe tijú àti ra tòkunbọ̀. Ní ìlú yìí gan-an, àwọn èèyàn máa ń ra ACE, wọ́n á lò ó lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á gbé e sí àjà ilé. Ẹ̀rọ yìí ò ní ẹ́ńjìnnì, kò sí ohun tó ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ kàn yẹ wáyà tó so àwo mọ́ àpótí wò bóyá kò já, kẹ́ ẹ ṣí ibi bátìrì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá bátìrì àtijọ́ kò ti sunjú síbẹ̀. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra headphone tó bá orí ọmọ mu. Ìró tín-ín-rín ló máa ń ti ọ̀dọ̀ ohun tó jìn wá, afẹ́fẹ́ etí òkun á sì gbé e lọ.

Ibi tó máa ti lò ó

Ibi tó yá jù fún ìbẹ̀rẹ̀ ni etí òkun, lórí yanrìn gbígbẹ. Àwọn tó wá ṣeré máa ń pàdánù owó síbẹ̀ lójoojúmọ́, gbígbẹ́ rẹ̀ rọrùn, ihò ò sì ní bínú olóko kankan. Yanrìn gbígbẹ ni mo wí o. Iyọ̀ inú omi òkun ń jẹ́ kí iná kọjá nínú yanrìn tútù, ẹ̀rọ kékeré á sì máa pariwo kiri bí ẹni tí ìyá rẹ̀ sọ nù. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bi council ìlú náà bóyá wọ́n gbà á, torí kì í ṣe gbogbo etí òkun ni.

Ọ̀rọ̀ òfin wá nílẹ̀ yìí. Kò sí ilẹ̀ tí kò ní olówó. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ oko rẹ̀, kó sì dáa kó wà lákọsílẹ̀. Àwọn ibi ìtàn tí ìjọba dá sí, òfin 1979 ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé ẹ̀rọ yìí wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Etí odò Thames ní Lọ́ńdọ́nù náà nílò ìwé àṣẹ. Ní England àti Wales, òfin Treasure Act ti 1996 sọ pé tí ẹ bá rí ohun tó ti ju ọdún 300 lọ, tí wúrà tàbí fàdákà inú rẹ̀ sì tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí irú owó bẹ́ẹ̀ méjì tó wà pa pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó coroner létí láàárín ọjọ́ 14. Láti 2023 ni wọ́n ti fi àwọn ohun pàtàkì kan tó ti ju ọdún 200 lọ kún un. Ó kan ọmọdé náà o. Ní 2009, ọmọ ọdún 3 kan tó bá àwọn ẹbí rẹ̀ jáde ní Hockley, ní Essex, ló rí ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn oníwúrà tí wọ́n ti ṣe láti nǹkan bíi 500 ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó wà ní Scotland, òfin tiyín tún le ju èyí lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má gbé e wọ National Park rárá.

Ohun kan wà tí mi ò lè ṣe àwàdà lé lórí. Bọ́ǹbù tí kò bú nígbà ogun àgbáyé kejì ṣì wà nínú ilẹ̀ àti ní etí òkun níbí. Tí ọmọ bá rí ohun irin tó rí bí ìgò tàbí bí ọta ńlá, kó má fọwọ́ kàn án, kó má fi omi wẹ̀ ẹ́, kó má gbé e wá hàn yín. Kó rìn kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ pe 999. Ìdí nìyí tí ọmọdé kò fi gbọ́dọ̀ dá lọ, ìdí nìyí náà tí mo fi ní kẹ́ ẹ dáhùn ìbéèrè "ibo" kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá kí wọ́n gbé e dání tí wọ́n bá ń lọ sílé ní Nàìjíríà. Nínú ọgbà bàbá yín, láti fi wá òrùka tó bọ́, kò burú. Àmọ́ wíwá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nílẹ̀ nílò àṣẹ àjọ National Commission for Museums and Monuments, mo sì rò pé òfin yẹn tọ́. Ẹ wo Ilé-Ifẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ṣàdédé kan àwọn orí onídẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Òṣìṣẹ́ ilé ni wọ́n, kì í ṣe onímọ̀, torí náà kò sẹ́ni tó ṣàkọsílẹ̀ bí orí kọ̀ọ̀kan ṣe dúró, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti irú ilẹ̀ tó bò ó. Àwọn orí yẹn wà lọ́wọ́ wa, ọ̀kan sì wà ní British Museum, àmọ́ ohun tí ihò yẹn ìbá sọ fún wa nípa ẹni tó rì wọ́n àti ìdí tó fi rì wọ́n ti lọ.

Torí èyí, ọmọ mi ní ìwé kékeré kan. Ohunkóhun tó bá gbẹ́ jáde, títí kan irin agolo, á kọ ọjọ́, ibi tó ti rí i, àti bó ṣe jìn tó. Ní England àti Wales, àwọn òṣìṣẹ́ Portable Antiquities Scheme, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, máa ń wo ohun tí aráàlú bá rí, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti kọ ohun tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Wọn kì í lé ọmọdé.

Ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dé, ẹ má tíì jáde. Ẹ lọ sẹ́yìn ilé kí ọmọ tó jí. Ẹ rì owó ẹyọ méjì, ìṣó kan, irin agolo kan àti òrùka kan tí kò níye lórí, ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kẹ́ ẹ ya àwòrán ibi tí wọ́n wà sórí bébà. Ẹ wá pe ọmọ, kẹ́ ẹ ní kó máa gbé àwo lọ jẹ́ẹ́jẹ́, kó sún mọ́ ilẹ̀, kó má sì gbé e sókè ní ìparí ìgbálọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gé koríko. Kó sọ ohun tó rò pé ó wà níbẹ̀ kó tó gbẹ́ ẹ. Tó bá mọ mẹ́ta nínú márùn-ún, ẹ wa mọ́tò lọ sí etí òkun.